Ọmọ Àjàṣẹ́ tó ya fíìmù ṣáájú Sembène

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ousmane Sembène ará Senegal ni mo máa ń gbọ́ pé wọ́n ń pè ní bàbá sinimá Áfíríkà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi kan sọ pé ọmọ Àjàṣẹ́ kan ti ṣáájú rẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? (Òǹkàwé kan, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n yín sọ. Paulin Soumanou Vieyra ni orúkọ ẹni náà. Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní, ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1925, ọmọdé ló sì wà tí wọ́n fi rán an lọ kàwé ní ilẹ̀ Faransé, níbi tó ti wọ IDHEC, ilé-ẹ̀kọ́ gíga fún iṣẹ́ sinimá ní Paris, tó sì di ọmọ Áfíríkà dúdú àkọ́kọ́ tó gboyè jáde níbẹ̀.

Ní 1955, òun àti Mamadou Sarr pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ya Afrique-sur-Seine, fíìmù kúkúrú nípa ìgbé ayé àwọn ọmọ Áfíríkà ní Paris, èyí tí ọ̀pọ̀ òpìtàn kà sí ọ̀kan pàtàkì nínú ìpìlẹ̀ sinimá wa. Ẹ lè béèrè ìdí tí wọn kò fi wá yà á nílé. Òfin ni kò gbà wọ́n láyè, nítorí láti 1934 ni ìjọba Faransé ti pàṣẹ pé ẹni tó bá fẹ́ ya fíìmù ní àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n ń ṣàkóso gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda, kí àwọn aláṣẹ sì kọ́kọ́ yẹ ohun tó fẹ́ yà wò. Bí àwọn ọ̀dọ́ yìí kò ṣe rí àyè dojú kámẹ́rà kọ ìlú tiwọn, ìlú àwọn tó ń ṣàkóso wọn ni wọ́n dojú rẹ̀ kọ. Ìgboyà ńlá ni lójú mi, nítorí òyìnbó ló ti ń ya àwa tipẹ́.

Orúkọ tí wọ́n fún Sembène náà tọ́ sí i. Borom Sarret tó yà ní 1963, nípa ọlọ́mọlanke ẹlẹ́ṣin kan ní Dakar, ilẹ̀ Áfíríkà gan-an ni wọ́n ti yà á, La Noire de... ti 1966 sì gbé òkìkí rẹ̀ kárí ayé. Ohun tó ń dùn mí ni pé wọn kì í sábà dárúkọ Vieyra mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ Senegal lòun náà fi ṣe ibùgbé, òun ló sì bójú tó ètò iṣẹ́ lórí ọ̀pọ̀ nínú fíìmù Sembène. Ó kọ odidi ìwé kan nípa Sembène ní 1972. Ní 1975, ó tún gbé ìwé ìtàn sinimá Áfíríkà jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé 1973. Fíìmù kúkúrú tirẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n, títí kan Lamb, ti 1963, nípa ìjàkadì àwọn ará Senegal, ṣùgbọ́n fíìmù ìtàn gígùn kan ṣoṣo, En résidence surveillée, ló rí àyè yà, ní 1981, ọdún mẹ́fà péré kó tó kú.