Maple tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé: ṣé gbòǹgbò ẹ̀ náà tẹ́ẹ́rẹ́ ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Maryland, ní Amẹ́ríkà, là ń gbé. Mo fẹ́ gbin igi kan tí wọ́n ń pè ní maple Armstrong, tí ẹ̀ka ẹ̀ kì í fẹ̀, sáàárín ilé wa àti ibi tá a ń páàkì mọ́tò sí, àyè ibẹ̀ ò ju ẹsẹ̀ bàtà 4 lọ. Ẹni tó fẹ́ tà á fún mi ní kò séwu, pé bó ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ lókè náà ni gbòǹgbò ẹ̀ máa rí, tààrà ló máa lọ sísàlẹ̀. Ajílẹ̀ wo ni kí n rà?

Ìdáhùn: Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ti ajílẹ̀ sílẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ gbòǹgbò yìí, wọ́n ti bi mí títí, ó sì ń dùn mí torí pé àwọn tó ń ta igi gan-an ló ń sọ ọ́ fáwọn èèyàn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá! Ẹ̀ka ló tẹ́ẹ́rẹ́. Àdàlù maple pupa àti maple fàdákà ni Armstrong, gbòǹgbò àwọn méjèèjì kì í jìn, òkè ilẹ̀ níbí ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ máa ń wà, bí íǹṣì 18 sísàlẹ̀, á wá máa nà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọjá ibi tí ẹ̀ka dé dáadáa. Igi tó lè ga tó ẹsẹ̀ bàtà 50, kí lẹ rò pé ó ń dì í mú tí ìjì bá dé? Tẹ́ ẹ bá há a mọ́ ẹsẹ̀ bàtà 4, yálà kó gbé kọ̀ǹkéré yín sókè, tàbí kí gbòǹgbò máa lọ́ po nídìí ẹ̀ títí táá fi fún igi náà lọ́rùn. Mo mọ̀ pé igi masquerade tá a ń gbìn sí fẹ́ǹsì nílé lẹ ń rò, àmọ́ ìyẹn kì í ṣe maple.

Lójú tèmi, kó jìnnà sílé tó ẹsẹ̀ bàtà 15, kó jìnnà sí kọ̀ǹkéré tó 8 ó kéré tán. Mi ò tíì rí ilẹ̀ yín o, ẹ jẹ́ kí onímọ̀ igi tó níwèé ẹ̀rí wá wò ó, kẹ́ ẹ sì pe nọ́ńbà fóònù 811 kẹ́ ẹ tó gbẹ́lẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n á sàmì sí ibi tí páìpù àti wáyà gbà. Ẹ má rì í jìn, ibi tí ìdí igi ti ń fẹ̀ di gbòǹgbò gbọ́dọ̀ hàn sójú. Mulch, ìyẹn igi rírún tàbí koríko gbígbẹ tí wọ́n ń tẹ́ sídìí igi, íǹṣì 2 sí 3 tó, ẹ má kó o jọ mọ́ igi náà lára bí ebè iṣu, èèpo igi náà á jẹrà. Omi ni igi náà nílò lọ́dún méjì àkọ́kọ́, kò nílò ajílẹ̀ kankan lọ́dún tẹ́ ẹ gbìn ín.

Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 yẹn nìkan lẹ ní, ẹ má ra igi yẹn.