Ikùn òkú ni Khalil sọ, kì í ṣe tìrẹ

ÌBÉÈRÈ: Bàbá wa, a-sàlámù aláékúmù. Oyún mi ti pé oṣù mẹ́jọ. Dókítà ní ibi ọmọ ti dí ẹnu ọ̀nà, pé iṣẹ́ abẹ ni wọn yóò fi gbé ọmọ náà. Èmi fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n áàfáà àdúgbò wa ní kítáàbù Khalil, ìwé òfin ẹ̀sìn tí àwọn áàfáà ń kà, kọ̀ kí wọ́n la ikùn obìnrin nítorí ọmọ, pé hàǹtú, omi tí wọ́n fi fọ ọ̀rọ̀ Kùránì kúrò lára wàláà, ni kí n máa mu. Láti ìgbà náà ni ọkọ mi ti kọ̀ láti buwọ́ lùwé. Ó tún ní ọkùnrin ni dókítà náà.

ÌDÁHÙN: Wa aláékúmù sàlámù, ọmọ mi. Wàá sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀, Ọlọ́hun á fi ọwọ́ àánú gbà á.

Mo mọ ibi tí áàfáà yín ti rí ọ̀rọ̀ yẹn. Mẹ́síhábì Málíkì, ọ̀nà òfin ẹ̀sìn tí Khalil tẹ̀ lé, ni tèmi náà, orí kítáàbù yẹn la dàgbà sí. Ìpín ìrun òkú ló wà! Aboyún tó ti kú ni wọ́n ń sọ: ṣé kí wọ́n la ikùn òkú, tí ẹ̀sìn ní ká bọ̀wọ̀ fún, nítorí ọmọ tí kò dájú pé yóò yè? Ibn al-Qasim, àgbà onímọ̀ Málíkì, ní rárá. Sahnun, onímọ̀ Málíkì mìíràn, ní kí wọ́n là á bí ìrètí bá wà. Khalil fúnra rẹ̀ kò fi èrò kejì yìí pamọ́, áàfáà yín ló fò ó. Ìwọ ń mí, ò ń jẹun, ò ń kírun. Ta ló kó ọ sí ìpín òkú?

Irú ìdáhùn báyìí ti pààyàn rí. Abu Dawud, tó kó hádíìsì jọ, gbà á wá pé ọkùnrin kan fi orí gbọgbẹ́ lójú ìrìn àjò, ó sì ní jánábà, àìmọ́ tí a máa ń wẹ̀ kúrò. Àwọn tó bi léèrè ní àfi kó wẹ̀. Ó wẹ̀, ó kú. Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ní: “Wọ́n pa á, kí Ọlọ́hun pa wọ́n! Kí ló dé tí wọn kò béèrè nígbà tí wọn kò mọ̀?”

Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí hàǹtú lónìí. Àmọ́ omi wàláà kì í sún ibi ọmọ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Wọn a sì máa ní obìnrin tó bá kú lórí ìkúnlẹ̀, ṣàhídì ni, bí ẹni tó kú sójú ọ̀nà Ọlọ́hun. Òótọ́ ni. Ṣé ìyẹn wá di ìwé àṣẹ láti jẹ́ kó kú?

Ti dókítà ọkùnrin, bí ẹ bá rí obìnrin tó mọṣẹ́ náà, òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú. Bí kò bá sí, ọkùnrin yóò ṣe é, kò ní í ṣí ju ibi tí iṣẹ́ dé. Ara rẹ ni wọ́n fẹ́ là, ẹnu rẹ sì ni ìyọ̀ǹda wà. Bí ọkọ rẹ kò bá buwọ́ lùwé, ìwọ buwọ́ lù ú. Òun ni kó san owó rẹ̀, kó sì wá ẹni tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kí ọjọ́ tó pé, nítorí irú ìbímọ yìí máa ń fa ẹ̀jẹ̀ púpọ̀.

Ọlọ́hun ló mọ̀ jù. Kí ọkọ rẹ wá bá mi lẹ́yìn ìrun Alásàrí lọ́la. Kó mú áàfáà yẹn dání, kí áàfáà náà sì mú kítáàbù rẹ̀ wá.