Ṣé àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ló ń yọ orílẹ̀-èdè wọn kúrò nínú UNESCO, àjọ Ìparapọ̀ Àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́, sáyẹ́ǹsì àti àṣà?

Rárá o, ìjọba ààrẹ ló ń kọ ìwé ìkúrò. Àmọ́ ọwọ́ àwọn aṣòfin ni àpò owó wà, ibẹ̀ gan-an ni agbára wọn sì wà. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1990 àti 1994 kò jẹ́ kí Amẹ́ríkà náwó fún àjọ Ìparapọ̀ Àgbáyé tó bá gba Palẹ́sítínì wọlé. UNESCO gbà á ní oṣù Kẹwàá 2011. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún owó àjọ náà pòórá. Ó dùn mí gan-an, torí iṣẹ́ ẹ̀kọ́ àti ti ohun àjogúnbá ló fara gbá a. Ní 2013, Amẹ́ríkà pàdánù ẹ̀tọ́ ìdìbò níbẹ̀ torí owó tí kò san. Wọ́n kúrò ní òpin 2018, wọ́n sì padà ní 2023, lẹ́yìn tí àwọn aṣòfin yọ̀ǹda owó.