Mo jáde nínú gúrúùpù ẹbí, mo sì blọ́ọ̀kù ẹ̀gbọ́n mi: ṣé mo ti já okùn ẹbí?

ÌBÉÈRÈ

Àṣàlámù àléékúmù, Àáfà wa. Ọ̀rọ̀ ilé tí bàbá wa fi sílẹ̀ ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá kan, bàbá kan. Orí gúrúùpù WhatsApp ẹbí ló ti bú mi, níṣojú àwọn ọmọ àti àwọn ìyàwó ilé. Mo jáde kúrò níbẹ̀, mo sì blọ́ọ̀kù nọ́ńbà rẹ̀. Ó ti lé lóṣù kan báyìí. Ìbàdàn ni mò ń gbé, òun wà ní Ìwó. Ṣé mo ti já okùn ẹbí nìyẹn? Tí mo bá tẹ sálámà ránṣẹ́ sí i, ṣé ó tó? Mo ṣáà ń fi àwòrán àdúà Jímọ́ọ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

ÌDÁHÙN

Wà àléékúmù sàlámù. Kí Ọlọ́hun tún àárín yín ṣe.

Jíjáde nínú gúrúùpù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Gúrúùpù mìíràn wà tó jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ ṣọ́ ahọ́n rẹ̀, kó yáa bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Blọ́ọ̀kù tó ti lé lóṣù kan ló ń kọ mí lóminú. Nínú hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní kò tọ́ fún Mùsùlùmí kó yan ọmọ ìyá rẹ̀ nínú ẹ̀sìn lódì ju òru mẹ́ta lọ, kí wọ́n pàdé, kí eléyìí gbójú sápá kan, kí tọ̀hún náà gbójú sápá kan. Ẹni tó sàn jù nínú wọn lẹni tó bá kọ́kọ́ sálámà. Ẹni tó blọ́ọ̀kù èèyàn ti gbójú kúrò tọ̀sántòru, kódà bó bá ń sùn. Nígbà tó sì jẹ́ ọmọ ìyá gan-an, ọ̀rọ̀ ti kọjá yíyan odì lásán. Nínú Súrà Muhammad, áyà 22, ẹ̀gbẹ́ ìbàjẹ́ orí ilẹ̀ ni Ọlọ́hun ka jíjá okùn ẹbí sí.

Ti sálámà orí fóònù, ìbéèrè yẹn ti dàgbà ju fóònù lọ. Ìmáàmù An-Nawawi, tó kú ní 1277, ti gbé e yẹ̀ wò nípa lẹ́tà: tí ẹni méjì tó ń yodì bá jìnnà síra, tí ọ̀kan kọ̀wé tàbí tó ránṣẹ́ sí èkejì, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ náà kúrò? Ó ní àwọn onímímọ̀ kan sọ pé kò kúrò, nítorí kò tíì bá a sọ̀rọ̀. Èyí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù ni pé ó kúrò, nítorí kèéta ti tán láàárín wọn. Ẹ wò ó dáadáa: wọ́n jìnnà síra ni, kèéta sì gbọ́dọ̀ tán. Ká ní London lẹ wà, ìpè kan tó tọkàn wá lè ṣe é. Ìbàdàn sí Ìwó ńkọ́? Ẹni tó bá wọkọ̀ ní Ìwó Road lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni yóò ti mu ẹ̀kọ. Ojú lọ̀rọ̀ wà.

Àwòrán Jímọ́ọ̀ kò burú, ṣùgbọ́n ẹ má kà á mọ́ iṣẹ́ yìí. Òdòdó kan náà ló ń lọ sọ́dọ̀ gbogbo wọn, ẹ ò sì mọ èwo nínú wọn ló ń ṣàìsàn. Ẹ̀gbọ́n yín tí ẹ tìlẹ̀kùn mọ́ kò tilẹ̀ rí i rárá.

Àwọn ọmọ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ìjà ogún kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àmọ́ inú yàrá ni àwọn àgbà ti ń jókòó lé e, wọn á ní kí ọmọdé lọ ṣeré níta. Lónìí, ọmọ ọdún 16 ń ka èébú tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ bú bàbá rẹ̀, ó sì lè tún un kà nígbà tó bá láya nílé, torí kò pa rẹ́. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ á dàgbà, wọn ò ní mọ ọmọ ẹbí wọn ju fọ́tò orí fóònù lọ. Tí ẹnikẹ́ni bá sì ń ya screenshot láti ọ̀dọ̀ yín lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n yín, ẹ sọ fún un pé Ànábì ní olófòófó kò ní wọ Àlùjáńnà.

Ẹ ṣí nọ́ńbà rẹ̀ lónìí, ẹ má dúró dìgbà tó bá bẹ̀bẹ̀. Ànábì ní ẹni tó ń so okùn ẹbí kì í ṣe ẹni tó ń san oore padà; ẹni tí wọ́n já tirẹ̀, tó tún un so, ni. Ẹ lọ sí Ìwó, ẹ má mú ọ̀rọ̀ ilé dání. Ìyẹn, ẹ jọ gbé e lọ bá àáfà tó mọ ìpín ogún. Bí ẹ bá débẹ̀ tí ẹ sálámà tí kò dáhùn, hádíìsì tí Abu Dawud gbà wá sọ pé òun ló gbé ẹ̀ṣẹ̀ náà lọ.