Ẹnu Ni Mo Ń Tọ́jú, Ìdí Ni Ọ̀rọ̀ Wà: Ọdún 6 Tí Mo Fi Bá Àìrígbẹ́yà Jìjàkadì

Ẹ béèrè ohun tí ènìyàn lè ṣe láìlo oògùn nígbà tí ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún bá kọjá láìyàgbẹ́. Ẹ ní oògùn ìyàgbẹ́ tí ẹ ń lò tẹ́lẹ̀ kò ràn yín mọ́, ẹ sì ní láti ìgbà tí ẹ ti sọ èso àti èèrí ọkà di oúnjẹ òòjọ́ ni inú yín ti ń wú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Èmi kì í ṣe dókítà. Awakọ̀ ọ̀nà jíjìn ni mí. Ṣùgbọ́n ọdún 6 ni mo fi wà lẹ́nu àìsàn yìí, mo sì ti ṣe àṣìṣe tí ẹ ń ṣe yìí àti àwọn mìíràn tó burú jù ú lọ, nítorí náà ohun tí ojú mi rí ni n ó sọ.

Bí tèmi ṣe bẹ̀rẹ̀ kò jọ àìsàn rárá. Ní òwúrọ̀ kùtù, nígbà tí èrò bá ń wọ ọkọ̀, ni ìgbẹ́ máa ń gbọ̀n mí, èmi a sì mú un mọ́ra, nítorí pé kò sí awakọ̀ tó fẹ́ kí èrò máa dúró de òun lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Mo tún dín omi mímu kù kí n má baà máa dúró tọ̀ lójú ọ̀nà. Láàárín wákàtí kan, ìgbẹ́ náà a rọlẹ̀, n ó sì rò pé mo ti ṣẹ́gun. N kò mọ̀ pé iṣẹ́ ìfun ńlá ni láti fa omi kúrò nínú pàǹtí oúnjẹ, pé bí pàǹtí náà bá ṣe pẹ́ níbẹ̀ tó ni yóò ṣe gbẹ tó, àti pé ìparí ìfun tí a ń fi ipá mú kí ó di ẹrù mọ́ra lójoojúmọ́ máa ń fẹ̀, títí tí kò fi ní tètè ránṣẹ́ sí ọpọlọ mọ́ pé àkókò tó. Nígbà tí yóò fi di ọdún kejì, ìgbẹ́ kò gbọ̀n mí mọ́. Èyí tó bá sì jáde le koko, ní hóró-hóró, bí ìgbẹ́ ewúrẹ́.

Ewé ni mo kọ́kọ́ gbára lé, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ohun tó bá ti ara ewé wá kì í pa ni lára. Ewé senna ni, tí mo ń rẹ sínú omi gbígbóná bíi tíì. Òótọ́ ni pé ewé ni senna, ṣùgbọ́n ńṣe ni ó ń gún ìfun ní kẹ́ṣẹ́ kí ó lè fún pọ̀, inú rírun rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Kò sí ohun tó burú nínú lílo rẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀. Èmi lò ó lálaalẹ́, ife kan sì di méjì. Ohun tó tàn mí jẹ jù ni pé bí senna bá ti gbá inú mọ́ pátápátá ní òru ọjọ́ kan, ó máa ń gba ọjọ́ bíi mélòó kan kí ìfun tó tún kún débi tí ìgbẹ́ yóò fi wá fúnra rẹ̀. Àlàfo yẹn ni mo ń kà sí àìsàn tó padà dé, n ó sì tún rẹ òmíràn. Ó ṣeé ṣe kí díẹ̀ nínú ohun tí ẹ pè ní “kò ràn mí mọ́” jẹ́ irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo yí sí fáíbà, ìyẹn apá oúnjẹ tó ti ara ẹ̀fọ́, èso, ẹ̀wà àti ọkà wá tí inú kì í lè dà. Ìmọ̀ràn náà dára: àgbàlagbà nílò nǹkan bíi gíráàmù 25 sí 30 lóòjọ́, ọ̀pọ̀ wa kì í sì í jẹ tó bẹ́ẹ̀. Àìnísùúrù ni ó bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Láti ọjọ́ kìíní ni mo ti ń bu èèrí àlìkámà sí abọ́ ńlá láàárọ̀ àti lálẹ́, lórí ìfun tó ti kún tẹ́lẹ̀, láìfi omi kún omi tí mo ń mu. Inú mi wú bí ìlù. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé inú ìfun ni wọ́n máa ń jẹ nínú fáíbà yìí, afẹ́fẹ́ ni wọ́n sì ń tú jáde. Ó gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí oúnjẹ tuntun tó mọ́ wọn lára. Bí n bá tún bẹ̀rẹ̀ lónìí, díẹ̀díẹ̀ ni n ó máa fi kún un, láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀.

Gbogbo fáíbà kọ́ ló sì rí bákan náà. Èèrí líle kò bá inú ẹlòmíràn mu, àmọ́ èyí tó ń fa omi mọ́ra tí ó sì ń yọ̀, irú èyí tó wà nínú oat àti nínú psyllium, èèpo irúgbìn kan, ni ó rọ inú mi lọ́rùn jù. Ṣíbí tíì kan nínú ife omi kíkún ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi omi yẹn ṣeré: psyllium tí a gbé mì pẹ̀lú omi díẹ̀ lè wú sínú ọ̀nà ọ̀fun kí ó sì dí i, nítorí náà ẹni tí oúnjẹ kì í tètè lọ lọ́fun rẹ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, ẹ má sì mu ún nígbà tí ẹ bá fẹ́ sùn. Ẹ fi bíi wákàtí méjì sáàárín òun àti oògùn yòówù tí ẹ bá ń lò. Èso plum gbígbẹ náà ràn mí lọ́wọ́, nítorí pé yàtọ̀ sí fáíbà, ó ní ṣúgà kan tí a ń pè ní sorbitol, èyí tí ara kì í gbà tán, tí ó sì ń fa omi sínú ìfun. Ní ti omi mímu, ẹni tí omi ara rẹ̀ ti pé kò ní rí ìyàtọ̀ púpọ̀ bí ó bá tún da lítà méjì lé e. Èmi tí ìtọ̀ mi pọ́n bíi tíì ni omi wúlò fún.

Ẹ̀jẹ̀ ló gbé mi dé ilé ìwòsàn. Ìgbẹ́ líle ti ya mí nídìí, jẹ̀díjẹ̀dí ti yọ, ẹ̀jẹ̀ sì ti ń dà lára mi díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mélòó kan láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí òòyì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi, mo ra oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní èròjà irin fúnra mi. Oògùn náà mú ìgbẹ́ le sí i, ìgbẹ́ tó le sí i sì ń ya mí sí i. Dókítà kò kọ́kọ́ dárúkọ oúnjẹ rárá. Ó ní ẹ̀jẹ̀ tó lọ sílẹ̀ pẹ̀lú ìgbẹ́ tó yí padà kì í ṣe ohun tí a ń fi àbá dá, wọ́n sì fi kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ wo inú ìfun mi. Nígbà tí wọn kò rí ju jẹ̀díjẹ̀dí lọ ni ó wá bi mí pé aago mélòó ni mo máa ń lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àti pé báwo ni mo ṣe máa ń jókòó níbẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi í rẹ́rìn-ín.

Àlàyé tó ṣe nìyí. Bí oúnjẹ bá ti wọ inú ikùn, ìfun ńlá máa ń gbọ́ ọ, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún pọ̀ láti ti ẹrù àná síwájú. Òwúrọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ àkọ́kọ́, ni ó sì máa ń lágbára jù. Àkókò yẹn gan-an ni mo fi ń wa ọkọ̀. Èkejì ni pé iṣan kan wà tó fi ara kọ́ ìparí ìfun bí okùn, tó ń tẹ̀ ẹ́ kí ìgbẹ́ má baà já bọ́. Bí a bá lóṣòó ni iṣan náà máa ń dẹ̀ jù, tí ọ̀nà yóò sì tọ́. Lórí ìjókòó gíga, ọ̀nà tó wọ́ ni mo ń fi ipá ti ẹrù gbà.

Mo wá ń jí ṣáájú àkókò tí mo ń jí tẹ́lẹ̀. Mo ń jẹun, mo ń mu ohun gbígbóná, lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 n ó lọ jókòó, ìgbẹ́ ìbáà gbọ̀n mí, ìbáà má gbọ̀n mí. Mo gbé ẹsẹ̀ lé àpótí kékeré títí orúnkún fi ga ju ìbàdí lọ, mo tẹ̀ síwájú, mo sì ń mí kanlẹ̀ dípò kí n di èémí mú kí n máa tì í. Bí ìṣẹ́jú 10 bá pé láìsí nǹkan, mo ń dìde. Fóònù kì í bá mi wọlé, nítorí pé jíjókòó pẹ́ níbẹ̀ ń mú jẹ̀díjẹ̀dí wú. Fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, òfo ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni ìgbẹ́ tún gbọ̀n mí, lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, èmi tí mo ti ń sá fún un wá ń yọ̀ mọ́ ọn. Bí ó bá dé bá mi lójú ọ̀nà báyìí, mo ń dúró. Kò tíì sí èrò tó kọ ọkọ̀ mi sílẹ̀ nítorí ìṣẹ́jú mélòó kan.

Ẹ má sì máa ka ọjọ́ jù. Ẹni tó ń yàgbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ àti ẹni tó ń yà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, kò sí èyí tí nǹkan ṣe nínú wọn bí ó bá ti ń rọrùn fún wọn. Ìrísí rẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Àwọn oníṣègùn ní àtẹ kan tí wọ́n fi orúkọ ìlú Bristol pè, tí wọ́n gbé jáde ní 1997, tó pín ìgbẹ́ sí irú 7. Hóró-hóró tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni irú 1, irú 3 àti 4 sì ni èyí tí a ń fẹ́.

Ní ti ọjọ́ márùn-ún tí ẹ wà lórí rẹ̀ báyìí, ẹ dá èèrí ọkà náà dúró ná, nítorí pé ẹrù lórí ẹrù ni. Mo mọ̀ pé ẹ kò fẹ́ oògùn, ṣùgbọ́n ó sàn kí ẹ lo irú èyí tó ń mú omi dúró sínú ìfun fún ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti bi apòògùn, kí ọ̀nà lè là kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ètò òwúrọ̀. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò lera kò gbọdọ̀ dá lo èyí tó ní magnesium. Bí inú bá wú tí ó ń dùn yín gidigidi, tí ẹ ń bì, tí afẹ́fẹ́ pàápàá kò jáde mọ́, ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ kejì kí ẹ tó dé ilé ìwòsàn. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, bí ẹ bá ń rù láìnídìí, bí ẹ bá ti lé ní ẹni ọdún 50 tí ìyípadà náà sì jẹ́ tuntun, tàbí bí ẹnì kan nínú ẹbí yín bá ti ní jẹjẹrẹ ìfun rí, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ yín wò ṣáájú gbogbo ohun tí mo kọ yìí.

Ohun méjì ni ẹ kò sọ. Àkọ́kọ́ ni oògùn mìíràn tí ẹ ń lò, nítorí pé oògùn ẹ̀jẹ̀, oògùn ìrora tó ní codeine, àti àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan máa ń dí inú, ẹ kò sì gbọdọ̀ dá wọn dúró láìjẹ́ pé dókítà ní kí ẹ dá wọn dúró. Èkejì ni bóyá ìgbẹ́ náà le ni, tàbí ó rọ̀ ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ jáde. Bí ó bá rọ̀, ó lè jẹ́ iṣan ìdí ló ń dì nígbà tó yẹ kí ó dẹ̀, fáíbà nìkan kò sì lè tú u. Àwọn tó ń tọ́jú iṣan ara ní ilé ìwòsàn ló ń kọ́ ènìyàn bí yóò ṣe dẹ̀ ẹ́. Ẹ sọ èyí tó jẹ́ tiyín fún wa.