Ẹ Bi Wá: Ọjọ́ Kan ní Frigiliana

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti màmá mi ń lọ sí Nerja, ní gúúsù Sípéènì, lóṣù kẹjọ. A fẹ́ fi ọjọ́ kan rìn gbẹ̀fẹ́ ní Frigiliana, abúlé funfun orí òkè tó wà nítòsí ibẹ̀, ṣùgbọ́n orúnkún ń dun màmá. Ṣé wọ́n á lè rìn ín?

Ìdáhùn: Wọ́n á rìn ín, bẹ́ ẹ bá mọ ibi tẹ́ ẹ máa gbà. Ọ̀nà láti Nerja ò ju nǹkan bíi kìlómítà 6 lọ, bọ́ọ̀sì sì ń lọ. Ẹ kọ́kọ́ wádìí àsìkò tí ọkọ̀ ìpadàbọ̀ máa ń gbéra, pàápàá tó bá jẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ẹ débẹ̀ kó tó di aago mẹ́wàá àárọ̀. Tí oòrùn oṣù kẹjọ bá ti ga, ògiri tí wọ́n fi ẹfun kùn á máa ta ìmọ́lẹ̀ padà sójú yín, nítorí náà ẹ mú awò oòrùn àti fìlà dání.

Calle Real, òpópónà tó gba iwájú ṣọ́ọ̀ṣì San Antonio de Padua kọjá, ni kí màmá gbà. Ó ń gòkè, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ni. Barribarto, àdúgbò àtijọ́ tó wà lókè rẹ̀, ló ní àtẹ̀gùn. Òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n tò síbẹ̀, ẹsẹ̀ èèyàn ti tẹ̀ ẹ́ títí ó fi ń dán, bàtà tí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ bá sì ti jẹ yóò yọ̀. Sísọ̀kalẹ̀ gan-an ló máa ń ni orúnkún lára ju gígòkè lọ. Ẹ jẹ́ kí màmá jókòó sí gbàgede ṣọ́ọ̀ṣì, kí ẹ̀yin nìkan yí Barribarto ká.

Ìbéèrè: Kí ni àwọn àwo alámọ̀ tó wà lára ògiri ibẹ̀ ń sọ?

Ìdáhùn: Ìtàn ogun ni. Àwọn Morisco, ìyẹn àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n fipá sọ di Kristẹni, dìde lòdì sí ọba Sípéènì ní 1568. Ní 1569, àwọn ọmọ ogun ọba ṣẹ́gun àwọn Morisco ní El Peñón, òkè tó wà lẹ́yìn abúlé náà. Wọ́n wó ilé olódi wọn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àwókù díẹ̀ lẹ máa bá lókè. Ẹ má sáré kọjá àwọn àwo yìí: ìtàn náà tẹ̀ léra, bẹ́ ẹ bá fo ọ̀kan, ó já nìyẹn.

Ìbéèrè: Ìgbà wo la máa jẹun, kí sì ni ká jẹ?

Ìdáhùn: Ẹ má wá oúnjẹ ọ̀sán ní aago méjìlá. Nǹkan bí aago méjì ni wọ́n ń jẹ ẹ́ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ìdáná a sì pa iná ní nǹkan bí aago mẹ́rin títí di alẹ́. Àsìkò yẹn náà ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ń tilẹ̀kùn, torí náà àárọ̀ ni kẹ́ ẹ rajà. Láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ béèrè *menú del día*: àwo méjì, búrẹ́dì àti ìpanu ìgbẹ̀yìn, iye kan ṣoṣo lẹ máa san.

Kò yẹ kẹ́ ẹ kúrò níbẹ̀ láìjẹ *berenjenas con miel de caña*, ìkàn aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n gé, tí wọ́n yí ní ìyẹ̀fun, tí wọ́n dín, tí wọ́n wá da oyin ìrèké lé. Oyin yìí kì í ṣe ti kòkòrò o. Omi ìrèké ni wọ́n ń sè títí á fi ki, á sì dúdú. El Ingenio, ilé iṣẹ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà abúlé náà, ló ń ṣe é. Ẹ jẹ ẹ́ bó ṣe ń gbóná, torí kò ní pẹ́ tí oyin á fi mú ìkàn náà rọ̀.

Bẹ́ ẹ bá ra ìgò oyin, inú àpótí tẹ́ ẹ máa fà lé bàálù lọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ kó o sí. Omi ni wọ́n kà á sí ní pápákọ̀ òfuurufú, ọ̀pọ̀ pápákọ̀ kì í sì í jẹ́ kí ohun tó ju mílílítà 100 wọlé nínú báàgì ọwọ́.