Rack ni tàbí tower? Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí server náà máa wà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ilé-ẹ̀kọ́ girama aládàáni ni à ń darí ní Abẹ́òkúta. A fẹ́ ra server kan tí a ó máa fi tọ́jú èsì ìdánwò àti àkọsílẹ̀ owó ilé-ìwé. Ẹni tó fẹ́ tà á fún wa ní Ìkẹjà ní rack tòkunbọ̀ kan wà nílẹ̀ tí owó rẹ̀ kéré sí ti tower, pé òun ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń lò. Yàrá akáúńtáǹtì wa la fẹ́ gbé e sí. Èwo ni kí a rà?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Tower, irú tó ń dá dúró bí àpótí kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ni kí ẹ rà. Ẹni tó fẹ́ tà á kò parọ́: àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń lo rack, irú tí wọ́n ń tì wọ férémù irin, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n yàrá tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó sí ni wọ́n ń kó o sí, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ wà.

Férémù irin tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ínṣì 19 ni wọ́n ṣe server rack fún. U ni wọ́n fi ń ka gíga rẹ̀, U kan sì jẹ́ mìlímítà 44.45. Fáànù tó bá ju nǹkan bíi mìlímítà 40 lọ kò lè dúró lóòró nínú 1U. Fáànù kékeré báyìí gbọ́dọ̀ sáré àsápajúdé kí atẹ́gùn tó lè kárí. Kí ó yí ju ìgbà 15,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan kì í ṣe nǹkan tuntun. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan án, ẹ ó gbọ́ igbe tóóró kan tó ń gúnni létí. Láìpẹ́, á rọlẹ̀. Àmọ́ ẹ dúró di ọ̀sán tí iná lọ, tí AC kú, tí inverter ṣì gbé server ró: bí yàrá bá ṣe ń gbóná ni igbe náà á máa padà bọ̀, yóò sì ṣòro fún akáúńtáǹtì yín àti òbí tó wá sanwó láti gbọ́ra. Fáànù tower lè tó mìlímítà 92 tàbí 120. Ó ń yí jẹ́jẹ́, atẹ́gùn tó ń fẹ́ sì pọ̀.

Àwọn kan rò pé rack kì í gbóná tó tower. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iná tí server ń jẹ ló ń di ooru. Bí ohun inú àwọn méjèèjì bá jẹ́ ọ̀kan náà, ooru wọn kò yàtọ̀.

Ní ti owó, tòkunbọ̀ rack pọ̀ lọ́jà nítorí pé àwọn data centre òkè òkun, ìyẹn ilé tí wọ́n ń kó ọ̀pọ̀ server jọ sí, máa ń pààrọ̀ wọn lọ́pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ náà lè dára o. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó fẹ́ tà á bóyá irin méjì tí wọ́n fi ń tì í wọ férémù wà pẹ̀lú rẹ̀. Ó sábà máa ń ti sọnù, ti oríṣi kan kì í sì í sábà bá òmíràn mu. Kọ́bọ́ọ̀dù kékeré tí àwọn oní-íntánẹ́ẹ̀tì máa ń kàn mọ́ ògiri kò ní gbà á: inú rẹ̀ kì í sábà jìn ju sẹ̀ǹtímítà 60 lọ, ọ̀pọ̀ server rack sì gùn tó 70 tàbí jù bẹ́ẹ̀. 2U tó kún fún disk lè wúwo ju kílò 25 lọ. Ẹ ó tún wá ra kọ́bọ́ọ̀dù tó ń dúró nílẹ̀ nìyẹn, èrè tí ẹ rò pé ẹ jẹ ti lọ.

Bí server yín bá di mẹ́ta mẹ́rin nínú yàrá kan tó ní AC tirẹ̀, tàbí tí ẹ bá fẹ́ gbé e lọ sí data centre, irú bí Rack Centre ní Oregun, nígbà náà rack ló tọ́. Tí ẹ bá ń rò ó pé ọjọ́ yẹn ń bọ̀, ẹ béèrè tower tó ṣeé dùbúlẹ̀ sínú rack. HPE ProLiant ML350 Gen10 wà bẹ́ẹ̀, 4U ló ń gbà. Dell PowerEdge T640 náà wà, 5U ni tirẹ̀. Ẹ má gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀ o, eruku ọyẹ́ àti omi ìnulẹ̀ kò dára fún un.

Bó bá jẹ́ pé owó ló sọ ọ́ di dandan kí ẹ gba rack náà, ẹ mú 2U dípò 1U, fáànù rẹ̀ tóbi jù. Ẹ ní kí ẹni tó fẹ́ tà á tan án níwájú yín, kí ẹ sì fi etí ara yín gbọ́ ọ kí ẹ tó sanwó.